Àtúnṣe Ilé Abà Ìdílé Wa, àti Gbogbo Ọwọ́ Tí Abà Náà Ti Kọjá

Ilé tí à ń tún ṣe yìí wà ní abà kòkó ìdílé wa, lápá ìsàlẹ̀ Ìdí-Ayunrẹ́ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Olúyọ̀lé, nílẹ̀ Ìbàdàn. Kò jìnnà púpọ̀ sí Onígàmbàrí níbi tí ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó (CRIN) wà. Ilé amọ̀ ni: yàrá mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, pẹpẹ níwájú, sítọ́ọ̀ kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ojú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń sá kòkó sí lẹ́yìn. Nígbà tí owó kòkó fò sókè ní 2024, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, ọ̀pọ̀ ìdílé tí wọ́n ti gbàgbé ọ̀nà oko tún bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ààlà. Ìdílé tiwa náà jókòó. Mọ́gàjí wa sọ pé kí a tún ilé ṣe ná kí ẹnikẹ́ni tó gbin igi kún oko, nítorí oko tí kò sẹ́ni tí í sùn níbẹ̀, olè ni yóò kórè rẹ̀. Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí yóò tún un ṣe lẹ́yìn wa. A kò lè tún ògiri amọ̀ ṣe dáadáa láìmọ ẹni tí ó mọ ọ́n, irú ilẹ̀ tí ó fi mọ ọ́n, àti ohun tí ẹni tí ó tẹ̀ lé e fi bò ó. Nítorí náà, ìtàn àwọn tí wọ́n ti ni abà yìí, tàbí tí wọ́n ti dì í mú, wà lára iṣẹ́ náà bí òdiwọ̀n igi àti páànù ṣe wà lára rẹ̀. Bí a bá sì ka ìtàn náà lára ògiri, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa nìkan ni a ó bá níbẹ̀.

Bí a ṣe bá a

Òrùlé apá ẹ̀yìn ti wó wọlé. Páànù iwájú ṣì wà lórí, àmọ́ ìpẹta ti jẹ ẹ́ dé ibi tí oòrùn fi ń yọjú wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ikán ti gba inú ògiri iwájú gòkè, wọ́n ti jẹ igi àjà méjì di ihò. Ní ògiri ìlà-oòrùn, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti ń já bọ́ ní ìpele-ìpele, amọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì rọ̀ dé ibi pé ìka wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ ìta ti ga sí i, nítorí gbogbo ohun tí àgbàrá ń gbé bọ̀ láti orí òkè, ẹsẹ̀ ògiri ni ó ń kó o sí. Igi ọ̀pẹ kékeré kan ti là á já láàárín ojú sìmẹ́ǹtì ìsákòkó.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ya fọ́tò gbogbo igun, mo wọn ògiri kọ̀ọ̀kan, mo sì lọ jókòó ti àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Wọ́n ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Abà yẹn ni wọ́n bí wọn sí. Mo fi fọ́tò hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ẹni tí ó kọ́ ibi, ẹni tí ó fi èyí kún un, ẹni tí ó sùn sí yàrá yìí. Ohun tí wọ́n sọ ni mo lọ fi wé ohun tí mo rí lára ògiri, ó sì bára mu ju bí mo ṣe rò lọ.

Yàrá méjì àárín: baba ńlá wa

Yàrá méjì tí ó dojú kọ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó dàgbà jù. Baba ńlá wa ni wọ́n mọ wọ́n, lẹ́yìn tí Ogun Kírìjì parí ní 1893. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti fi wà lójú ogun. Nígbà tí ogun tán, oko ni iṣẹ́ tí ó kù fún ọ̀pọ̀ wọn. Olórí ogun tí baba ńlá wa bá jagun ni ó fún wọn nílẹ̀ igbó náà. Iṣu, obì àti ọ̀pẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kòkó dé lẹ́yìn ìyẹn, láti Agége, níbi tí J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní oko kòkó ńlá. Àwọn tí wọ́n lọ ṣe lébìrà níbẹ̀ ni wọ́n ń di èso bọ̀ wálé, baba ńlá wa sì wà lára wọn. Rélùwéè wọ Ìbàdàn ní 1901, ó sì di pé ẹni tí ó bá ti lè ru kòkó dé ìlú, ẹrù rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Èkó.

Ògiri wọn nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti àbọ̀. Ìpele márùn-ún ni wọ́n fi mọ ọ́n, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti àbọ̀ bákan náà. Bí oòrùn àárọ̀ bá ń tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà tí ó wà láàárín ìpele kan àti èkejì máa ń hàn gbangba. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á po amọ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á mọ ìpele kan yí ilé ká, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ kí wọ́n tó gbé èkejì lé e. Ẹni tí ó bá kánjú níbẹ̀, ìpele ìsàlẹ̀ yóò fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ ẹrù, ògiri náà yóò sì wọ́ títí ayé. Ògiri baba ńlá wa kò wọ́.

Lókè, lábẹ́ igi tí ó gbé páànù báyìí, mo rí ihò kéékèèké tí wọ́n tò léra ní ìlà kan. Ojú ihò àwọn igi òrùlé àkọ́kọ́ ni. Ìyá Àgbà jẹ́rìí sí i pé ewé gbọ̀dọ̀gì ni wọ́n fi bo ilé náà níbẹ̀rẹ̀, kí páànù tó dé. Èéfín ti sọ òkè ògiri di dúdú láti inú, èéfín yẹn sì wúlò, kòkòrò kì í fẹ́ràn igi tí èéfín ti wọ̀ lára. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ tí yàrá méjèèjì yìí ń fẹ́ kò pọ̀: ojú sísán àti igun tí ewúrẹ́ ti fi ara ha. Ibi tí a ó ti rí amọ̀ tí yóò bá tàtijọ́ mu ni mo rò jù. Lẹ́yìn ilé, kòtò kan wà tí wọ́n gbin kókò sí. Ìyá Àgbà ní kòtò amọ̀ ni, láti ibẹ̀ ni baba wọn àgbà ti gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ilé. Mo bu ilẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò, mo bu omi àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo mì í dáadáa, mo sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn sùn sísàlẹ̀, eruku kíkúnná wà láàárín, amọ̀ wà lókè. Mo ṣe ohun kan náà fún ẹ̀kúnwọ́ kan tí ó já bọ́ lára ògiri. Ìgò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: yanrìn tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, amọ̀ tó bí ìdá kan nínú márùn-ún. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ògiri á sán bí ó bá ti ń gbẹ. Bí ó bá kéré jù, òjò á fọ̀ ọ́ lọ. Baba ńlá wa mọ ilẹ̀.

A rẹ ilẹ̀ náà sómi, a gé koóko sí i, a tẹ̀ ẹ́, a sì bò ó sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan díẹ̀. Kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri àtijọ́, a fi omi rẹ ojú ògiri náà, nítorí ògiri gbígbẹ máa ń fa omi inú amọ̀ tuntun kíá, wọn kì í sì í gbá ara wọn mú.

Sítọ́ọ̀: ọkùnrin tí ó gba oko ní ìdógò

Ní 1920, owó kòkó ga gan-an. Kí ọdún tí ó tẹ̀ lé e tó parí, ó ti já wálẹ̀. Baba ńlá wa ti kú nígbà náà, bàbá bàbá mi ni wọ́n ń mójú tó oko, wọ́n sì ti jẹ gbèsè nígbà tí ọjà dára, pẹ̀lú ìrètí pé yóò máa dára lọ. Wọ́n fi oko dógò lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Ìbàdàn tí ó ń ra kòkó fún àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó.

Bí ìdógò ṣe rí nílẹ̀ wa ni pé ẹni tí ó yáni lówó ni yóò máa kórè igi títí a ó fi dá owó rẹ̀ padà. Kò sí èlé lórí rẹ̀, èso oko ni èlé. Kò sì sí ọdún tí ó lè pẹ́ tó tí oko yóò fi di tirẹ̀. Ìgbàkígbà tí a bá mú owó dé, ó gbọ́dọ̀ yọwọ́. Nítorí èyí, ẹni tí ó gba ìdógò kì í sábà kọ́ ohun tí yóò pẹ́ sórí ilẹ̀ náà, torí bí wọ́n bá ra oko padà, kò sí ẹni tí yóò san owó ohun tí ó kọ́ fún un.

Ọkùnrin yìí kọ́ ọ síbẹ̀síbẹ̀. Ó kọ́ sítọ́ọ̀ náà, ó fi páànù bò ó, òun ni ó kọ́kọ́ gbé páànù dé abà wa. Ó to òkúta sábẹ́ ògiri kí amọ̀ má baà kan ilẹ̀ tààrà. Ó fi igi apá ṣe ilẹ̀kùn. Ó sì fi ihò atẹ́gùn sílẹ̀ lókè, méjì ní ìwọ̀ oòrùn, méjì ní ìlà-oòrùn, kí kòkó gbígbẹ má baà bu. Nínú gbogbo ilé náà, òun nìkan ni ó fi òkúta sẹ́sẹ̀ ògiri, sítọ́ọ̀ náà nìkan sì ni ikán kò wọ̀.

Ìdílé wa kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ka ìtàn abà, láti ọ̀dọ̀ baba ńlá ni wọ́n ti máa ń fò bọ́ sí ìgbà tí oko padà sọ́wọ́ wa, bíi pé ilẹ̀ náà sùn láàárín. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ó jẹ èso oko wa, òótọ́ ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni lábẹ́ àdéhùn tí àwọn bàbá wa fọwọ́ sí. Ó tún tọ́jú igi, ó tún kọ́ ilé. Àwọn kan nínú ẹbí fẹ́ kí a wó sítọ́ọ̀ náà kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Mo ní kí a fi í sílẹ̀, Mọ́gàjí sì gbà.

Iṣẹ́ ibẹ̀: a yọ ilẹ̀kùn, kápẹ́ńtà fi igi apá tuntun pààrọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí omi ti jẹ, ìyókù le koko. Páànù àtijọ́ náà nípọn ju èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí lọ. Èyí tí ìpẹta kò tíì lu nínú rẹ̀, a fọ̀ ọ́ a sì tò ó padà sórí ilé ìdáná.

Yàrá ìyá bàbá mi

Ìyá bàbá mi ni wọ́n ra oko padà, ní ọdún díẹ̀ kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀. Epo pupa àti èkùrọ́ ni wọ́n ń tà. Ìyàwó ilé ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ inú agbo ilé náà, lábẹ́ àṣà wọn kò sì lè jogún ilẹ̀ ọkọ. Owó wọn ni ó tú oko sílẹ̀, síbẹ̀ ìdílé ni oko padà sí lọ́wọ́. Kódà bí ọmọ ilé bá ra ilẹ̀ ẹbí padà, ilẹ̀ ẹbí náà ni yóò máa jẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bèèrè ni yàrá tiwọn.

Yàrá kẹta ni, ní apá gúúsù. Ìpele rẹ̀ kéré, kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ níkọ̀ọ̀kan, koóko pọ̀ nínú amọ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà rántí pé àwọn obìnrin abà ni wọ́n máa ń fi bọ́tọ̀ màlúù pa ilẹ̀ àti ògiri yàrá náà lọ́dọọdún, lẹ́yìn òjò. Nígbà tí wọ́n ń fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ilé lẹ́yìn náà, ìyá bàbá mi kọ̀ kí wọ́n fọwọ́ kan tiwọn. Lónìí, òun ni ògiri tí ó gbẹ jù nínú ilé. Mo fi irin tín-ín-rín gún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ibi tí ó rọ̀.

Ojú wọn rí nǹkan lóko yẹn. Ní 1944 ni wọ́n rí àìsàn kòkó tí ó máa ń mú ẹ̀ka wú lágbègbè Ìbàdàn. Kò sí oògùn fún un, gígé igi ni ìjọba mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ oko, wọ́n ń gé igi tí èso ṣì wà lórí rẹ̀, àgbẹ̀ sì ń wò wọ́n. Inú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ bàjẹ́ dé ibi tí wọ́n fi dá Ẹgbẹ́ Máyégún sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti dènà rẹ̀, nígbẹ̀yìn ìjọba jáwọ́ nínú gígé igi ní ibi tí àìsàn náà ti gbilẹ̀ jù. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti gé apá àríwá oko wa. Ẹ̀gẹ́ ni ó wà níbẹ̀ títí di òní. Ìyá Àgbà sọ pé ìyá wọn kò sunkún, wọ́n kàn ń ka igi bí ó ti ń ṣubú.

Ògiri ìlà-oòrùn: ibi tí iṣẹ́ pọ̀ jù

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni oko kàn lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbà tiwọn, kòkó ń gbé ìlú ró. Owó tí àjọ tí ń ra kòkó yà sọ́tọ̀ lára owó àgbẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ṣì ń tọ́ka sí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ilé alájà gogoro Cocoa House dúró ní Ìbàdàn ní 1965. Ọmọ àgbẹ̀ ni ó lọ sí ilé ìwé yẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà rí owó. Wọ́n da ojú sìmẹ́ǹtì ìsákòkó, wọ́n fi yàrá kẹrin kún ilé, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ògiri ìta. Ó dùn mọ́ wọn. Nígbà náà, ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ni ilé ọlọ́lá, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Àmọ́ sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ kì í gbé papọ̀. Amọ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀, ó sì máa ń tú u jáde sínú afẹ́fẹ́ láti ojú rẹ̀. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì bò ó, omi ṣì ń wọlé láti ìsàlẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí ibi jáde. Sìmẹ́ǹtì kì í sì í wú tàbí sún kì bí amọ̀ ṣe ń ṣe, nítorí náà á sán, òjò á gba ojú sísán wọlé, yóò sì há sáàárín méjèèjì. Òkùnkùn àti ọ̀rinrin yẹn gan-an ni ikán ń wá. Ẹni tí ó bá ń wò láti ìta yóò rò pé ògiri le, títí ọjọ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi tú.

Bíríkìlà tí a kọ́kọ́ mú wá sọ pé kí a ha èyí tí ó ti já, kí a fi sìmẹ́ǹtì tuntun rẹ́ ẹ, pẹ̀lú wáyà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọṣẹ́ búlọ́ọ̀kù dáadáa ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, amọ̀ ò lè pẹ́.” Mo mú un lọ sí yàrá ìyá bàbá mi, mo ní kí ó fọwọ́ kàn án. Ó dákẹ́, ó kan ibì kan, ó tún kan ibòmíràn, ó wá ní kí a wá ẹni tí yóò kọ́ òun. A rí bàbá kan ní abà kejì tí wọ́n ti mọ ilé nígbà èwe wọn. Wọn kò lè gun àkàbà mọ́, wọ́n jókòó sórí àga lábẹ́ igi obì, wọ́n ń darí wa.

Iṣẹ́ wa níbẹ̀ rèé. A fi igi gbé òrùlé ró láti inú àti láti ìta kí ẹrù rẹ̀ kúrò lórí ògiri. A bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sìmẹ́ǹtì láti òkè wá sísàlẹ̀. A kò fi òòlù ńlá lù ú, nítorí ìró rẹ̀ yóò tú amọ̀ tí ó ṣì dára. A fi ṣísù là á sí onígun mẹ́rin kéékèèké, a ń ṣí i kúrò díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ó bá lẹ̀ mọ́ amọ̀ gírígírí, Bàbá ní kí a fi í sílẹ̀ ná títí ìsàlẹ̀ yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn tí a yọ ọ́ tán, a kò ṣe ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, ọyẹ́ sì bá wa ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ó wu àwọn ọ̀dọ́ inú ẹbí kí a máa bá a lọ, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù, nítorí bí a bá fi ohun tuntun bo ọ̀rinrin, ohun àná ni a tún ṣe.

Ìsàlẹ̀ ògiri náà, ní bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì láti ilẹ̀, ti jẹrà gan-an ní ibi mẹ́ta. A fi amọ̀ kòtò baba ńlá wa gé bíríkì, a sá a sóòrùn, a ń yí i padà kí ó gbẹ lọ́gbọọgba. A ń gé ibi tí ó jẹrà kúrò díẹ̀díẹ̀, ibi tí a gé kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. A to òkúta sísàlẹ̀ bí ọkùnrin onísítọ́ọ̀ ṣe tò ó, a to bíríkì lé e, a fi amọ̀ rírọ̀ dì í, a sì fún òkè rẹ̀ pọ̀ dáadáa. A kì í gé ibi tí ó kàn án títí yóò fi gbẹ tí ó lè gbé ẹrù. Ibi tí ó jìnnà sí i ni a ń lọ. Bíríkìlà wa ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀ ní ìparí. Ọwọ́ rẹ̀ ti dá.

A wa ilẹ̀ tí àgbàrá ti kó sẹ́sẹ̀ ògiri kúrò, a sì gbẹ́ gọ́tà tí ó yí ẹ̀yìn ilé ká kí omi òkè má baà kan ilé mọ́. Amọ̀, koóko gígé àti bọ́tọ̀ màlúù ni a fi rẹ́ ojú ògiri, ẹ̀ẹ̀mejì: àkọ́kọ́ nípọn, ojú rẹ̀ rí hágahàga, èkejì kúnná, a fi ọwọ́ pa á.

Ìdáàbòbò gidi tí ògiri amọ̀ ní ni òrùlé. Etí òrùlé àtijọ́ kò yọ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. A fa igi òrùlé gùn kí etí rẹ̀ yọ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. A pààrọ̀ igi àjà méjì tí ikán jẹ pẹ̀lú igi ìrókò tí ó ṣubú nínú oko, a kun gbogbo igi pẹ̀lú Solignum, oògùn tí kì í jẹ́ kí ikán jẹ igi, kí a tó gbé e gòkè, a sì fi páànù álúmíníọ̀mù tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 0.55 bò ó. Páànù ni ó gba owó jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Àwọn tí ó sùn síbẹ̀ nígbà tí a kò sí

Ìgbà Agbékọ̀yà, 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde sí owó orí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n ń kọrin pé òkè mẹ́fà (ọgbọ̀n ṣílè) ni àwọn yóò san. Owó orí ti wúwo, owó kòkó tí ìjọba ń san kò tó nǹkan, Tàfá Adéoyè àti àwọn ará Akanran sì ti dìde. Ọlọ́pàá àti sójà ń wọ abà, àwọn ọkùnrin ń sá wọ igbó. Nígbà tí rògbòdìyàn parí tí owó orí sì dín kù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi padà sóko, àmọ́ àwọn ọmọ wọn kò bá wọn padà. Epo rọ̀bì ti dé, iṣẹ́ ìjọba ti wà ní ìlú. Nígbà tí ìjọba fagi lé àjọ tí ń ra kòkó ní 1986, kò sí ọmọ ilé wa kankan tí ó ń sùn lábà mọ́.

Àgbẹ̀ kan tí ó wá láti ilẹ̀ Àgàtú ní ìpínlẹ̀ Bẹ́núé ni ó gba oko náà ṣe, pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta èso ni tirẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi gbé ilé yẹn. Gbogbo ibi tí mo ti rí páànù kékeré tí wọ́n kàn mọ́ páànù ńlá, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Gọ́ńgọ́ igi tí ó gbé igun àríwá ró tí kò jẹ́ kí ó wó, àwọn ni wọ́n fi síbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kànga tí a ń fa omi rẹ̀ po amọ̀. Wọ́n sì gbin kòkó Àmásọ́nì sí ibi tí kòkó àtijọ́ ti gbó, èyí tí ó ń so jù lóko wa lónìí.

Àwọn wọ̀nyí náà kì í sí nínú ìtàn tí a ń sọ níjókòó ẹbí. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí. Ọkùnrin ìdógò, ìyàwó ilé, àgbẹ̀ Àgàtú: mẹ́ta tí àṣà kò kà sí onílé ni wọ́n pa ilé yìí mọ́ fún wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bàbá Àgàtú náà wà nínú àwọn tí ń tẹ amọ̀ fún wa. Òun ni ó mọ ibi tí ilé náà ti máa ń jò jù, nítorí abẹ́ ibẹ̀ ni ó sùn nígbà ọmọdé.

Ìwé

Kí páànù tó gòkè, mo ní kí ẹbí kọ ìwé. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe kò sọ ọ́ di tirẹ̀. Òfin mọ èyí, ẹbí náà mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó náwó bá kú. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé ẹbí ni. Pé iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá wà nínú ìwé pẹ̀lú rìsíìtì. Pé kò sí ẹni tí yóò ta ilẹ̀ tàbí fi í dógò láìsí ìfọwọ́sí Mọ́gàjí àti àwọn àgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan. A tún kọ àdéhùn pẹ̀lú ọmọ Àgàtú náà fún oko, ìpín rẹ̀ àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti gbé yàrá kẹrin. Mo bèèrè kí a kọ ìtàn gbogbo àwọn tí abà náà ti kọjá lọ́wọ́ wọn sí ojú ìwé àkọ́kọ́, pẹ̀lú ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́. Ìjíròrò lórí ìyẹn gùn ju ti owó lọ, àmọ́ ó wà níbẹ̀ báyìí. Sọ̀fíyọ̀ ti wọn ilẹ̀, lọ́yà sì ń tọ ọ̀nà ìwé ẹ̀rí lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978.

Èyí tí ó kù

Ojú sìmẹ́ǹtì ìsákòkó ló kàn. A ti hú ọ̀pẹ náà tigbòǹgbò tigbòǹgbò. A ó fọ́ ibi tí ó ti sán jù, àfọ́kù rẹ̀ ni a ó sì dà sínú gọ́tà ẹ̀yìn ilé kí omi máa gbà á kọjá láìwa ilẹ̀. A ó tún un dà kí òjò ńlá tó dé, ní ègé-ègé, pẹ̀lú àlàfo láàárín kí ooru má baà là á mọ́, a ó sì jẹ́ kí ó dagun díẹ̀ sí ìhà kan kí omi má dúró lójú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti le dáadáa kí ìkórè ńlá tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá. Ògiri tí a rẹ́, àwọn obìnrin ilé ti gbà láti máa fi bọ́tọ̀ pa á lọ́dọọdún lẹ́yìn òjò, Ìyá Àgbà sì ti fi bí wọ́n ṣe ń pò ó hàn wọ́n. Owó tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹbí yóò tó ra sìmẹ́ǹtì àti yanrìn ojú ìsákòkó, kò ní tó fún ilẹ̀kùn yàrá kẹrin. Kápẹ́ńtà ti gbà kí a san tirẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ta kòkó àkọ́kọ́.